Abẹ gidi tàbí shavette: èwo ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ l'Abuja?

Kí ẹ tó ra abẹ, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa pọ́n ọn. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, àlàyé ni ìyókù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń wo fídíò ìfárùngbọ̀n lórí fóònù ló rò pé ara abẹ ni owó ń lọ sí. Wọ́n á máa wá èyí tí èkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, èyí tí wọ́n kọ Solingen, ìlú abẹ ní Jámánì, sí lára. Owó kò sí níbẹ̀ yẹn. Ara òkúta àti awọ tí yóò mú abẹ náà múná lónìí, tí yóò tún mú un múná lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ni owó ń lọ sí, àti ara ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. L'Abuja yìí, kò sí ìgbà tí ẹ kò ní rí ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Wuse. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún alápatà náà kò wọ́n. Ẹni tó lè pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n kó dé ojú ẹ̀ ni ẹ ó rìn títí kí ẹ tó rí.

Àwa Yorùbá tó wà lókè ọya ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹni tó ń ti Kubwa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Sẹkitéríàtì láàárọ̀, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Gari Kano, ọmọ ilé-ìwé tó wà ní Zaria. Kílípà ti sú àwọn kan, torí pé irun dúdú ṣì máa ń hàn lábẹ́ awọ lẹ́yìn tó bá ti fá a tán, iná kì í sì í sábà sí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Bọ́ǹpù ló lé àwọn mìíràn kúrò nídìí résọ̀ oníke alábẹ mẹ́ta. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹwà abẹ náà ló wù wọ́n, kò sóhun tó burú nínú ìyẹn náà.

Ohun tí a fẹ́ fi wéra

Abẹ gidi jẹ́ irin kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì máa ń ká wọnú èkù rẹ̀. Kò ní bíléèdì tí ẹ máa ń yọ. Bó bá kú, ẹ ó pọ́n ọn ni.

Shavette jọ ọ́ lójú. Ẹ ti rí i lọ́wọ́ gẹ̀rígẹ̀rí, òun ni wọ́n fi ń gé ìlà iwájú orí kó lè mú. Ìlàjì bíléèdì lásán tí ẹ mọ̀ lọ́dọ̀ onísọ̀ ni wọ́n ń kì bọ ẹnu rẹ̀. Bó bá kú, ẹ ó jù ú nù, ẹ ó ki òmíràn sí i.

Ohun méjì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí n kò ní fi ṣe kókó, àmọ́ n ó dé ọ̀dọ̀ wọn: résọ̀ onírin tí ẹ máa ń de bíléèdì mọ́ nínú, irú èyí tí King Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1904, àti wanzam, onígbàjámọ̀ àwọn Hausa tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà.

Owó

N kò ní kọ iye náírà síbí. Iye tí mo bá kọ lónìí, ọlọ́jà á ti yí i padà kí ẹ tó dé ọjà Garki. Ẹ jẹ́ ká fi bíléèdì ṣírò.

Ẹni tó bá ń fárùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ á fá a lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún (104) láàárín ọdún kan. Ìlàjì bíléèdì ni shavette ń lò. Ká ní ẹ kì í lo ìlàjì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, odindi bíléèdì 52 ni ẹ ó lò tán lọ́dún. Bíléèdì 5 ló máa ń wà nínú páálí kékeré. Bí ẹ bá ra páálí ńlá tó gba 100, ó kù díẹ̀ kó lo ọdún méjì. Bí ẹ bá béèrè iye tí páálí ńlá náà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lódidi ní ọjà Wuse tàbí ti Nyanya, ẹ ó rí i pé owó ìgbà mélòó kan lọ́dọ̀ gẹ̀rígẹ̀rí ti tó o. Ọwọ́ shavette fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó rà á.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ kan níbí: ẹ má ra èyí tó jẹ́ pé bíléèdì tirẹ̀ nìkan ló ń gbà. Feather Artist Club ti Japan dára púpọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gẹ̀rígẹ̀rí fi ọkàn tán an. Àmọ́ bíléèdì tirẹ̀ yàtọ̀, bó bá tán mọ́ yín lọ́wọ́ ní Lugbe, àfi kí ẹ máa retí ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀. Èyí tó ń gba ìlàjì bíléèdì tó wà níbi gbogbo ni kí ẹ rà.

Abẹ gidi kò ní bíléèdì ríra rárá, ibẹ̀ sì ni ó ti ń tan ènìyàn. Ẹ lè rí Gold Dollar ti Ṣáínà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó tí kò dun ni. Èyí tuntun tó bá ti Solingen ní Jámánì wá máa ń ju $100 lọ kí owó ìfiránṣẹ́ àti kọ́sítọ́ọ̀mù tó gorí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ ká mú ti Ṣáínà. Ó dé. Ẹ ṣí i, ó ń dán, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fa irun dípò kó gé e. Wọn kò pọ́n ọn dé ojú ẹ̀ nílé iṣẹ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kò sì retí pé wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti ra òkúta tó nọ́ńbà 1000 (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni òkúta ń jọ̀lọ̀) láti fi ṣe ẹnu rẹ̀, òmíràn tó tó 4000 sí 8000 láti fi mú un jọ̀lọ̀, àti èyí tó tó 12000 láti fi parí rẹ̀. Ẹ tún nílò awọ. Owó àwọn òkúta yẹn á ju ti abẹ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ẹni tó bá sọ fún yín pé abẹ gidi ń dín owó kù kò parọ́, ó kàn fo ọdún àkọ́kọ́ ni.

Àwọn abẹ dídán kan tún wà tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, tí ara wọn ń tàn bíi dígí, tí wọ́n fín dírágónì sí lára. Irin wọn rọ̀, ẹnu wọn kò ṣe é pọ́n kó dúró. Bí ẹ bá ń ra abẹ gidi, ẹ gbé e sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí dígí: ẹ̀yìn àti ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan dígí náà láti orí dé ìdí. Bó bá ń mì, ẹ dá a padà. Kí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5/8 tàbí 6/8 íǹṣì, kí orí rẹ̀ sì rí róbótó. Èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó á kọ́ etí yín lẹ́kọ̀ọ́.

Ìpọ́n, níbi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn hàn yín, kí ẹ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ni àbí kì í ṣe iṣẹ́ yín.

Ẹ rin òkúta. Ẹ tẹ́ abẹ lé e pẹrẹsẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ jọ fara kan òkúta. Ẹ̀yìn abẹ ló ń mú ìdúró ẹnu rẹ̀ ṣe déédéé, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé e sókè rárá. Ẹ tì í lọ, ẹnu ni kó ṣíwájú. Bí ẹ bá dé òpin, ẹ yí i lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fà á padà, ẹnu náà ni kó ṣíwájú. Ọwọ́ fúyẹ́fúyẹ́. Lórí Gold Dollar, èjìká irin tó wà nídìí rẹ̀ máa ń gbá òkúta, kì í jẹ́ kí ìdí ẹnu abẹ náà kan án. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ fi fáìlì tàbí sáńpépà rẹ́ èjìká yẹn díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á pọ́n in láti àárọ̀ dọ̀sán, á sì máa sọ pé abẹ náà kò dára.

Lórí awọ, ìdàkejì ni. Ẹ̀yìn ló ń ṣíwájú, ẹnu ló ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi ẹnu ṣíwájú lórí awọ, ẹ ti gé awọ, ẹ sì ti ba ẹnu abẹ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ so orí awọ kan mọ́ ìṣó tàbí ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ fà á kó le gbọnrangandan, torí awọ tó bá dẹ̀ á yí ẹnu abẹ po. Ṣàá lọ, ẹ yí i lórí ẹ̀yìn, ṣàá bọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀ nígbà 30 kí ẹ tó fárùngbọ̀n, ó tó. Ojoojúmọ́ tí ẹ bá fẹ́ fá a ni ẹ ó ṣe é. Òkúta ni ẹ kò ní í lò ju ìgbà díẹ̀ lọ́dún, bí ẹ bá ń fi awọ tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ awọ yìí, àwa tí a wà lókè ọya ni a ní àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó wà ní London ń san owó gidi fún awọ ìpọ́nbẹ. Ẹni tó wà ní Kano lè rìn lọ sí Kofar Wambai, kó ṣa awọ tó bá wù ú láàárín àwọn oníbàtà. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi èso bagaruwa ṣe awọ níbẹ̀, irú awọ bẹ́ẹ̀ sì dára fún abẹ. Awọ ewúrẹ́ pupa ti Sokoto lókìkí, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ jù fún iṣẹ́ yìí. Ti màlúù ni kí ẹ béèrè: kó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́ta, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ láìsí àpá, kí wọ́n má fi kun ún lọ́dà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó lò ó. Ẹni tí kò tíì rí awọ lè tẹ́ ìwé ìròyìn lórí tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó fi kọ́ ọwọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí owó òkúta bá pọ̀ jù, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní lapping film, bébà tín-ín-rín tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ojú dígí tàbí táìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Micron ni wọ́n fi ń wọn bí yanrìn ara rẹ̀ ṣe kúnná tó: bó bá ṣe ń kéré dé 1 micron ni ìpọ́n ń dára sí i. Owó rẹ̀ kéré sí ti òkúta, ó máa ń gbó ṣá. Òkúta dúdú tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ láàárín ọjà ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà sí abẹ yín. Ẹ má sì gbé abẹ fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ alápatà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó. Ẹran ló mọ̀, awọ ojú kọ́.

Ní ti shavette, gbogbo ìpọ́n rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ má yọ bíléèdì kúrò nínú bébà rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì méjì di ìkángun rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́ po ní gígùn láti inú bébà náà, ẹ ó gbọ́ tó dún kẹ́. Ó ti dá sí méjì nìyẹn, ọwọ́ yín kò sì fara kan ẹnu rẹ̀. Ẹ ki ìlàjì kan sí ibi rẹ̀, ẹ pa á dé, lẹ́yìn náà ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó: ṣé ẹnu rẹ̀ yọ jáde bákan náà láti orí dé ìdí? Bí igun kan bá yọ ju èkejì lọ, igun yẹn ló máa ta ẹ̀jẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un kì.

Èwo ló ń ta ẹ̀jẹ̀ jù?

Àwọn ènìyàn rò pé shavette ni tọmọdé, pé òun ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ abẹ gidi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Shavette kì í dárí jini. Bíléèdì tuntun máa ń mú ju abẹ tí a fi awọ pọ́n lọ, ara rẹ̀ fúyẹ́, igun rẹ̀ méjèèjì sì mú ṣáṣá. Abẹ gidi wúwo díẹ̀, ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ lára, ó máa ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ń yà kó tó gé yín. Nínú méjèèjì, èyí tó wọ́n ló tu ni lára jù.

Síbẹ̀, àṣìṣe lórí shavette kò ná yín ju ìlàjì bíléèdì àti omijé díẹ̀ lọ. Bí abẹ gidi bá ṣèèṣì gbá ẹnu básíìnì pẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ti fọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì tún padà sórí òkúta tí ẹ kò ní. Ìdí tí mo fi gbé shavette ṣáájú fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò ní olùpọ́n nìyẹn, kì í ṣe torí pé ó rọrùn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí ẹ fi ohun tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ fá àgbọ̀n àti òkè ètè. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnura tí ẹ rì sínú omi gbígbóná bo irùngbọ̀n títí irun á fi rọ̀, ẹ wá fi ọṣẹ sí i kó hó. Ẹ tẹ́ abẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè tó bí ìwọ̀n dígírì 30, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ etí, ẹ fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abẹ kò gbọ́dọ̀ yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láé, iwájú nìkan ni kó lọ. Ẹ ó máa gbọ́ ìró irun bó ṣe ń gé, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ìró náà bá dákẹ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bóyá ọṣẹ ti gbẹ tàbí abẹ ti kú. Ẹ dúró. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń gẹ̀run ní Lugbe sọ ọ́ fún oníbàárà kan lójú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bó bá di pé ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ti nílò bíléèdì mìíràn." N kò rí ìwé kankan tó sọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irun tiwa

Ibi tí mo ti ń bá àwọn fídíò òyìnbó jà rèé. Wọ́n á ní kí ẹ fa awọ ara le, kí ẹ fá a lọ sísàlẹ̀, kí ẹ tún un fá sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ parí rẹ̀ nípa fífá a sókè, títí ojú á fi dán bí ti ọmọ tuntun. Irun wọn tọ́. Tiwa lọ́. Irun tó lọ́ bí tiwa, bí ẹ bá gé e kúrú jù, á wọlé sábẹ́ awọ, á sì yípo nígbà tó bá ń hù padà, á gún awọ láti inú. Ibẹ̀ ni bọ́ǹpù ti ń wá, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní pseudofolliculitis barbae. Ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀tí lè mú un bàjẹ́ sí i.

Nígbà tí Gillette gbé résọ̀ alábẹ méjì jáde lọ́dún 1971, àrà tó wà nínú rẹ̀ ni pé abẹ àkọ́kọ́ á fa irun jáde díẹ̀, èkejì á gé e kó tó padà. Fún irun títọ́, ohun rere ni. Fún irun wa, ó túmọ̀ sí pé orí irun náà ti wà nísàlẹ̀ awọ kí ẹ tó fọ ojú tán. Abẹ kan ṣoṣo kò ní àrà yẹn. Níbi ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù, ọ̀kan náà ni abẹ gidi àti shavette, àwọn méjèèjì sì sàn ju résọ̀ alábẹ mẹ́ta lọ, bí ẹ bá lè kó ara yín níjàánu.

Ìkóra-ẹni-níjàánu náà rèé: ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ fá a, ibi tí irun ń sùn sí ni kí ẹ bá a lọ. Ẹ má fa awọ le ju ohun tí abẹ nílò láti kọjá láìyà lọ. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ojú lẹ́yìn náà, tí ẹ ṣì ń gbọ́ irun díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ti dára bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ lè mọ ibi tí irun ń sùn sí, ẹ fi irùngbọ̀n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí ẹ wá fi ọwọ́ wá a kiri. Ibi tí ọwọ́ bá ń yọ̀ ni irun ń sùn sí, ibi tó bá ti ń ha ọwọ́, ìdàkejì ni. Ọrùn ni ẹ ó ti rí ìyàlẹ́nu: ti ẹlòmíràn ń lọ sókè, ti ẹlòmíràn ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, ti òsì sì lè yàtọ̀ sí ti ọ̀tún.

Bí bọ́ǹpù bá ti kún ọrùn yín tẹ́lẹ̀, ẹ má ra abẹ kankan báyìí. Ẹ fi irun sílẹ̀ fún bí oṣù kan, ẹ máa fi kílípà gé e lókè lókè. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà awọ ara. Ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń wú di kélọ́ìdì, n kò ní gbà á nímọ̀ràn abẹ gidi tàbí shavette rárá. Kílípà ni tirẹ̀.

Ọyẹ́, omi àti ọṣẹ

Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, ọṣẹ máa ń gbẹ lójú kí ẹ tó ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán. Ẹ fi ọṣẹ sí apá kan, ẹ fá a, kí ẹ tó fi sí apá kejì. Bí ẹ bá parí, òrí díẹ̀ lórí ojú tó ṣì tutù. Omi bọ́hóò àwọn àdúgbò kan le débi pé ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Omi òjò tàbí tí mẹ́ruwà bá gbé wá láti ibòmíràn lè sàn jù. Ọṣẹ dúdú ń hó dáadáa, àmọ́ ó máa ń mú ojú gbẹ nígbà ọyẹ́, èmi kì í lò ó lásìkò náà. Álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣẹ́ omi, tó wà ní gbogbo ọjà, ni kí ẹ rà dípò òróró olóòórùn dídùn: ẹ rin ín, ẹ fi pa ojú lẹ́yìn fífá, á dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ibi tó bá sì ti ta yín jù ni ọwọ́ yín ti wúwo.

Ìgbà òjò ni abẹ gidi ń jìyà. Èyí tí irin rẹ̀ kì í ṣe aláìdógùn-ún á dógùn-ún láàárín òru bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sínú balùwẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ fi epo máṣíìnì ìránṣọ kán an lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e wọ yàrá. Shavette kò ní wàhálà yìí, kìkì kí ẹ yọ bíléèdì kúrò kí ẹ sì gbẹ ẹ́.

Wanzam ńkọ́?

Nínú gbogbo wọn, òun ló rọ̀ jù lówó, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ju tèmi tèyín lọ. Omi díẹ̀, ọṣẹ díẹ̀, orí ti dán. Òun náà ni ẹ ó rí níbi ìsọmọlórúkọ, tó ń fá orí ìkókó. Àmọ́ ẹ rántí pé wanzam kan náà lè dá abẹ́, ó sì lè fa ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn. Kòkòrò hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kòkòrò HIV náà sì lè gba ara abẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ wọlé. Ẹ ra bíléèdì tuntun lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: "Mallam, ga reza," ìyẹn ni pé bíléèdì rèé. Kì í bínú, ó ti mọ́ ọn lára. Bákan náà ni lọ́dọ̀ gẹ̀rígẹ̀rí: ẹ wò ó bó ṣe ń yọ bíléèdì tuntun. Ohun tó tún jẹ mọ́ ọn: ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní abẹ gidi yín, àbúrò yín pàápàá.

Ta ni kó ra èwo?

Ẹni tó kàn fẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́ kó tó lọ síbi iṣẹ́, tí kò ní ìfẹ́ kankan sí abẹ, kó ra résọ̀ onírin oníbíléèdì kan. Bíléèdì kan náà ló ń lò, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gé ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ wá kà nìyẹn.

Ẹni tó ń gbé l'Abuja tàbí ìgboro Kaduna, tí owó rẹ̀ kéré, tí kò mọ olùpọ́n kankan: shavette tó ń gba ìlàjì bíléèdì, páálí 100 kan, búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n, álọ́ọ̀mù. Kó má ra ohun mìíràn fún ọdún kan.

Ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, tó máa ń pọ́n ọ̀bẹ ilé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó pè é, abẹ gidi ni tirẹ̀. Kó ra Gold Dollar méjì, kó fi èyí àkọ́kọ́ kọ́ ìpọ́n láìbìkítà bó bá bàjẹ́. Kó ra òkúta kó tó ra abẹ tó wọ́n. Bí irun bá ti ń já lára ẹnu abẹ bó bá gbé e kàn án lójú afẹ́fẹ́, ó ti mọ̀ ọ́n pọ́n. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n pọ́n, tó ṣe tán láti máa bá a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta lọ́dún, kó gbára lé ọ̀rẹ́ náà, kó má wulẹ̀ ra òkúta. Awọ nìkan ti tó o.

Bí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Abuja lọ sí Èkó, àtèyí àtìyẹn kò gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì tí ẹ gbé wọnú ọkọ̀. Inú èyí tí wọ́n ń kó sábẹ́ ni kó wà, kí ẹ ká abẹ wọ inú èkù rẹ̀ kí ẹ sì fi aṣọ wé e.

Ọ̀rọ̀ bíléèdì tó ti kú ló kù. Ìlàjì 104 lọ́dún kì í ṣe ohun tí ẹ ó máa sọ sínú gáábéèjì, torí àwọn ọmọ tó ń ṣa bólà láàárín Abuja, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tú u. Ẹ mú agolo mílíìkì tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ fi ọ̀bẹ la ihò tóóró sí orí rẹ̀, ẹ da mílíìkì rẹ̀ jáde lójú ihò náà, ẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ. Láti ojú ihò náà ni ẹ ó máa ju bíléèdì sí i. Ó gba tọdún kan dáadáa. Bó bá kún, ẹ fi òòlù tẹ ihò náà pa, ẹ fi téépù dì í, kí ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí.